Ọkọ̀ tí ò ní dẹ́rẹ́bà, tí ò ní ẹ́ńjìnnì: kí ló ń fà á ní Las Vegas, ṣé ó sì léwu?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, ìpàdé kan gbé mi lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì Mandalay Bay ní Las Vegas, mo sì mú màmá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta dání. A wọ ọkọ̀ kékeré tó ń gba òkè lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì Excalibur, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí dẹ́rẹ́bà kankan nínú ẹ̀. Àfi bó ṣe dúró gbagidi lójú ọ̀nà, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù. Ẹnì kan wá ní wáyà ló ń fà á, ni màmá bá ní òun ò wọ ọ́ mọ́ láéláé, pé tí wáyà bá já ńkọ́, pé ṣebí wọ́n gbọ́ ti ọkọ̀ oníwáyà tó pa èèyàn ní Lisbon. Ẹsẹ̀ la fi rìn padà. Ṣé ẹ̀rù màmá tọ́? Ta ló ń wa nǹkan yẹn? Kí ló sì dé tí wọn ò fi so gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì yẹn pọ̀, tá a fi ń rìn títí ẹsẹ̀ màmá fi wú?”

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, arábìnrin, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n jẹun ọmọ pẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì torí mo rí i pé ohun mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà tí ò sí, ọ̀rọ̀ wáyà, àti ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ màmá tó wú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdáhùn tiẹ̀. Ọdún 21 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wáyà ń fà, lífítì ilé gíga ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sídìí ọkọ̀ oníwáyà ní pápákọ̀ òfurufú. Mi ò kí ń fi ẹni tó bá ní òun ń bẹ̀rù wáyà ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹ̀rù yẹn náà ló ń jẹ́ ká máa jí lóru lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá ò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Àmọ́ nǹkan tí wọ́n ń bẹ̀rù àti ibi tí ewu gan-an wà, ibẹ̀ ni kò ti bára mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tí ẹ wọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pè é ní monorail, ìyẹn sì kọ́. Monorail ti Las Vegas wà lódìkejì títì, lẹ́yìn àwọn hòtẹ́ẹ̀lì apá ìlà oòrùn, owó ni wọ́n ń san níbẹ̀, mọ́tò iná wà lábẹ́ ọkọ̀ fúnra ẹ̀ tó ń yí táyà. Èyí tí ẹ wọ̀, tirámù ni wọ́n ń pè é, ò ní mọ́tò kankan tó ń gbé e rìn. Ẹ bi màmá bóyá wọ́n rántí ẹ̀rọ ata ọjà, ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, ibi tó ń lọ ata wà lọ́tọ̀, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ní ìparí ọ̀nà, yàrá ẹ̀rọ kan wà, mọ́tò iná ńlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú gíà, ó ń yí wíìlì irin ràgàjì kan, wáyà yí wíìlì yẹn ká, ó gba àárín irin ọ̀nà lọ dé ìparí kejì, ó yí wíìlì míì ká níbẹ̀, ó tún padà wá. Ọkọ̀ yín di wáyà yẹn mú lábẹ́. Tí wíìlì bá yí síwájú, ọkọ̀ á lọ sí Excalibur, tó bá yí sẹ́yìn, ọkọ̀ á padà sí Mandalay Bay. Lífítì tí wọ́n dá dùbúlẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Torí kò ru ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ yẹn fúyẹ́, torí ó fúyẹ́, òpó tó gbé e dúró náà tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ló fi rọrùn láti gbé e kọjá níwájú hòtẹ́ẹ̀lì láìsọ ibẹ̀ di abẹ́ afárá Òjúẹlẹ́gbà. Ilé iṣẹ́ Doppelmayr ti Austria ló kọ́ ọ, àwọn tó ti ń ṣe ẹ̀rọ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tí ayé mọ̀ mọ́ wáyà tó ń gbé èèyàn gun òkè yìnyín. Ọdún 1999 ni tiyín bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun sì ni àkọ́kọ́ tí ẹ̀ka wọn tó ń ṣe irú ọkọ̀ ìlú báyìí kọ́, gígùn ọ̀nà ẹ̀ ò tó kìlómítà kan. Ọ̀nà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ṣètò ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí ọ̀kan máa yà ní Luxor, hòtẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín, kí èkejì máa sáré kọjá.

Ta ló ń wà á? Kọ̀ǹpútà ló ń wà á, èèyàn ló ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí ò ní tu màmá nínú, torí ọmọ Nàìjíríà tó ti wọ danfo fẹ́ rí ojú ẹni tó di sítíárìn mú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí, sítíárìn gan-an kò sí, ọkọ̀ ò lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, kò lè kọjá ìparí wáyà, kò sí ọkọ̀ míì lójú ọ̀nà ẹ̀ tó lè kọ lù. Ohun kan ṣoṣo tí dẹ́rẹ́bà ì bá ṣe níbẹ̀ ni kó tẹ ẹ́ kó rìn, kó tẹ ẹ́ kó dúró, kó sì wo ilẹ̀kùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni kọ̀ǹpútà ń ṣe, ẹnì kan sì jókòó sí yàrá kan tí ẹ ò rí, kámẹ́rà wà níwájú ẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn yín tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tó wà lára ògiri ọkọ̀. Nígbà míì tí ẹ bá tún wọ̀ ọ́, ẹ fi bọ́tìnnì yẹn han màmá kí ìlẹ̀kùn tó pa dé.

Ní ti bó ṣe dúró lójú ọ̀nà, mi ò sí ní yàrá yẹn lọ́jọ́ náà torí náà mi ò ní purọ́ fún yín pé báyìí báyìí ló fà á, mo kàn lè sọ ohun tó máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà níbi tí mo ti ṣiṣẹ́. Ìlẹ̀kùn ni olórí wàhálà wa! Ẹnì kan á fi báàgì dí ìlẹ̀kùn de ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní ibùdókọ̀, tàbí kí ọmọdé fa hándù pàjáwìrì, tàbí kí ẹnì kan fara ti ìlẹ̀kùn nígbà tọ́kọ̀ ń lọ, sẹ́ńsọ̀ á ní òun ò dá a lójú pé ìlẹ̀kùn pa dé dáadáa, gbogbo nǹkan á sì dúró. Atẹ́gùn líle náà máa ń dá a dúró, iná tó bá ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú àáyá kan náà ń dá a dúró. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni pé tí ohunkóhun bá ṣe é bí ẹni ń ṣiyèméjì, ìdúró ni kó yàn. Lẹ́yìn náà, ẹni tó wà ní yàrá kámẹ́rà ò lè kàn tẹ ẹ́ padà, ó gbọ́dọ̀ wo gbogbo ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ wá ìdí tó fi dúró, nígbà míì ó ní láti rán ẹnì kan lọ fojú rí i. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá yín lọ. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò bá yín sọ̀rọ̀ láàárín ìgbà yẹn, torí ohùn èèyàn kan ṣoṣo láti inú spíkà, “a rí yín, ẹ fara balẹ̀,” ìyẹn ì bá ti mú ìdajì ẹ̀rù màmá kúrò. A máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, bí wọn ò tiẹ̀ tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní Las Vegas pàápàá, oòrùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe oòrùn ṣeré, ní July 2024 ó gbóná dé 120 ní òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà, ìyẹn bíi 49 ní ti tiwa, ẹ wo ẹni àádọ́rin ọdún nínú àpótí gíláàsì tí AC ẹ̀ bá kú. Èyí gan-an ni èmi máa ń bẹ̀rù ju pé wáyà á já lọ. Torí ẹ̀ ni irú ọ̀nà báyìí fi máa ń ní ibi tí èèyàn lè gbà fẹsẹ̀ rìn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, wọ́n sì máa ń ní ẹ̀rọ míì tí wọ́n fi pamọ́ de pàjáwìrì tó lè fa ọkọ̀ dé ibùdó díẹ̀díẹ̀ tí mọ́tò ńlá bá kọṣẹ́.

Ó wá ku wáyà. Màmá ń rò ó bí okùn kànga tó gbó, tó kàn já lójijì tí garawa sì já sínú omi. Wáyà irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lọ́ mọ́ra, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní wáyà tín-ín-rín púpọ̀ nínú, wọ́n sì yan ìwọ̀n ẹ̀ kó lè gbé ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tí yóò gbé lójoojúmọ́. Tó bá fẹ́ bàjẹ́, wáyà tín-ín-rín kan á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ òmíì á já, a sì ń kà wọ́n. A ní ẹ̀rọ kan tó ní mágínẹ́ẹ̀tì tí a máa ń dè mọ́ ara wáyà, a ó jẹ́ kí wáyà gba inú ẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, yóò sì fi èyí tó já nínú lọ́hùn-ún hàn, níbi tí ojú ò tó. Bírékì náà, sípíríìǹgì ló ń tì í pa, òróró tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ló ń ṣí i, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí iná bá lọ, tí òróró bá dà nù, tí ohunkóhun bá bàjẹ́, sípíríìǹgì á pa á dé fúnra ẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan wà lára mọ́tò, òmíì wà lára wíìlì ńlá fúnra ẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé gíà já kí bírékì mọ́tò di asán. Àwọn sẹ́ńsọ̀ tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo púlì tí wáyà ń gbà kọjá, tó bá yọ kúrò nípò ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, iná á kú.

Ibi tí ewu wà ni ibi tí ọkọ̀ ti di wáyà mú. Ibẹ̀ ni wáyà ti ń tẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ha ara ẹ̀, ibẹ̀ náà ló bò tí èèyàn ò lè rí i láìtú nǹkan. Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ Lisbon tí màmá sọ, mi ò sì ní fò ó. Ọkọ̀ Glória níbẹ̀, tó ti wà láti 1885, yà kúrò lójú irin ní ọjọ́ 3 September 2025, èèyàn 16 kú. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé ibi tí wáyà ti so mọ́ ọkọ̀ tó wà lókè ló ti já, níbi tí àyẹ̀wò ojú tí wọ́n ń ṣe ní àárọ̀ ò lè dé láì tú u, wọ́n sì tún sọ nínú ìjábọ̀ tó tẹ̀ lé e pé wáyà tí wọ́n fi síbẹ̀ ò yẹ ní fífi gbé èèyàn. Ẹni tó ń wà á fa bírékì, bírékì ò lè dá a dúró láìsí wáyà. Mo sunkún nígbà tí mo ka ìyẹn, torí iṣẹ́ wa ni, àwọn òṣìṣẹ́ bíi tèmi ló ń fọwọ́ sí ìwé pé ó dáa. Ẹ fi méjèèjì wéra wò: Glória ń gun òkè, ọkọ̀ méjì so mọ́ wáyà kan ṣoṣo, ọ̀kan ń fi ìwúwo ẹ̀ fa èkejì, tí wáyà bá ti já, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń fa ọkọ̀ sísàlẹ̀. Láàárín Mandalay Bay àti Excalibur, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí wáyà bá já níbẹ̀, ohun tó ń fa ọkọ̀ ló lọ, kò sí ohun míì tí yóò fà á lọ síbì kankan, á rọra dúró ni. Nítorí náà ẹ sọ fún màmá pé Lisbon kọ́ gbogbo àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí lọ́gbọ́n nípa ibi ìsopọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni fi jàǹbá òkè Olúmọ ṣe ìdájọ́ títì Sàgámù ni tí ẹ bá gbé e lé ọkọ̀ tí ẹ wọ̀.

Mi ò wá sọ pé kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ o. Ẹ̀rọ tó dáa lọ́wọ́ ọlọ́wọ́ tí kò bìkítà, ewu ni. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a rí wáyà tín-ín-rín bíi mélòó kan tó ti já nítòsí ibi ìsopọ̀ ní òru ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá kan ní ká jẹ́ kí wíkẹ́ńdì kọjá ná, torí èrò máa pọ̀. Mo ní mi ò fọwọ́ sí i. A ti ọ̀nà pa fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n bínú sí mi gan-an, wọ́n fi bọ́ọ̀sì gbé èrò. Tí ẹ bá dé irú ibi báyìí tí ẹ rí i pé wọ́n kọ “a ti pa á fún àtúnṣe” síbẹ̀, ẹ má bínú, inú èmi máa ń dùn ni.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó wú. Ẹ rò pé ẹ̀rọ ni ò jẹ́ kí wọ́n so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Díẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀rọ, èyí tó pọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ni ilé. Excalibur ṣí ní 1990, Luxor ní 1993, Mandalay Bay ní 1999, ilé iṣẹ́ kan náà ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí tí ọkọ̀ fi so àwọn mẹ́ta yẹn nìyẹn tó sì dúró síbẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, Mirage àti Treasure Island, ẹnì kan náà ló kọ́ wọn, Steve Wynn, ọkọ̀ kékeré sì wà láàárín àwọn méjèèjì láti 1993, nígbà tó yá wọ́n ta Treasure Island fún ẹlòmíì, ọkọ̀ ṣì ń lọ, àfìgbà tí Mirage ti ilẹ̀kùn ní July 2024 ni òun náà dákẹ́. Bellagio àti Monte Carlo náà ní tiwọn nígbà kan, wọ́n wó o kúrò láti fi kọ́ àwọn ilé CityCenter, wọ́n wá ṣe tuntun sípò ẹ̀ ní December 2009, òun ni Aria Express, láti Monte Carlo tó ti di Park MGM báyìí, ó yà ní Aria, ó parí sí Bellagio. Ṣé ẹ rí i, ẹ tẹ̀ lé orúkọ olówó ẹ máa rí ibi tí wáyà gbà. Ọ̀fẹ́ tí ẹ sì rí yẹn, hòtẹ́ẹ̀lì ló ń sanwó ẹ̀ kí ẹ lè bọ́ sílẹ̀ sáàárín ilé tẹ́tẹ́ wọn, bí ilé ìtajà ṣe ń fi AC fa èèyàn wọlé. Monorail tó gbìyànjú láti so ilé oríṣiríṣi olówó pọ̀ kí èrò sì sanwó, ó ṣí ní July 2004, ní September wọ́n tì í torí nǹkan ń já bọ́ lára ẹ̀, ó tún ṣí ní December, ó wọ gbèsè lọ sí kóòtù ní 2010 àti ní 2020, kí àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìn-àjò ìgbafẹ́ níbẹ̀ tó rà á.

Ẹ lè ní ṣebí ilé iṣẹ́ MGM ló ń darí láti Mandalay Bay dé Bellagio báyìí, torí wọ́n ra Mirage Resorts ní 2000, wọ́n ra ẹgbẹ́ Mandalay ní 2005, kí ló dé tí wọn ò fi so okùn méjèèjì pọ̀? Ibí ni ti ẹ̀rọ ti wọlé. Irú ọkọ̀ yìí dà bí ohun tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń jù lọ jù bọ̀ láàárín òwú, láti etí kan dé etí kejì, ó tán. Tí ẹ bá fà á gùn, ọkọ̀ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, èrò á dúró pẹ́ kó tó dé. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ já wáyà kan sílẹ̀ kó di òmíì mú, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn ní Oakland ní California ní 2014, kìlómítà márùn-ún, ọkọ̀ mẹ́rin, wáyà mẹ́rin, láti ibùdó relùwéè dé pápákọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n ó ju 480 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Àwọn ará wa ní London náà mọ ti Luton tó ṣí ní 2023, wáyà ló ń fà á láti ibùdó relùwéè lọ sí pápákọ̀. Níbi tí gbogbo èèyàn ti ń lọ síbì kan náà, tí kò sì jìn, wáyà ò láfiwé. Níbi tí èèyàn ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀ níbi mẹ́wàá, èmi tí mo ń jẹun nídìí ẹ̀ ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi wáyà ṣe é. Ní ti Tropicana Avenue tó wà láàárín Excalibur àti ibi tí Aria Express ti bẹ̀rẹ̀, títì ìjọba ni, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ti wà lórí ẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì New York-New York sì wà lódìkejì. Èrò tèmi ni pé ó wu MGM kí ẹ gba inú New York-New York kọjá.

Tí ẹ bá tún mú màmá lọ, bí mo ṣe máa mú màmá tèmi rìn rèé: ẹ wọ tirámù láti Mandalay Bay dé Excalibur, ẹ gba afárá kọjá sí New York-New York, Park MGM ló tẹ̀ lé e, ẹ wá wọ Aria Express níbẹ̀ dé Bellagio kí wọ́n lọ wo omi tó ń jó. Ìrìn tó wà láàárín ò kéré fún eékún tó ń dunni o, torí náà ẹ wá kẹ̀kẹ́ arọ kan dání, ilẹ̀ ọkọ̀ àti ilẹ̀ ibùdó dọ́gba, kò sí àtẹ̀gùn láti gbé ẹsẹ̀ sí. Ẹ bi wọ́n ní hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó jáde bóyá ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ mú omi dání. Monorail ò ní wúlò fún yín láti Mandalay Bay, MGM Grand ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ilé ló sì máa ń já èèyàn sí, àfi tí ìpàdé yín bá wà ní Convention Center. Tí ẹ bá dé ibùdó tirámù, ẹ má kánjú wọlé. Ẹ jẹ́ kí màmá dúró wo ọ̀kan kó lọ kó bọ̀, kí wọ́n bojú wo àárín irin, wọ́n á rí wáyà náà tó ń sá lọ, tó nípọn, tó mọ́, tó ń dán torí gíríìsì. Tí wọ́n bá ṣì ní àwọn ò wọ̀ ọ́, ẹ má fi agídí bá wọn lò, ẹ wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì tí wọ́n ń pè ní Deuce, tọ̀sántòru ló ń ná Strip, ìyẹn títì ńlá tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì yẹn wà, ẹ sì bá wọn wá àyè sí ìsàlẹ̀ nítòsí dẹ́rẹ́bà, kí wọ́n lè máa rí ojú ẹni tó ń wà wọ́n.